Ìtàn Ìdásílẹ̀ Ilé-Iṣẹ́ Panápaná, àti Etíkun tí Ọkọ̀ Rẹ̀ Kò Dé

Kí ìjọba òyìnbó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Èkó, ilé kì í jó nílẹ̀ Yorùbá kí ó má ní ẹni tí àṣẹ ibẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá ṣe pé iná ààrò ni ó ta sí bẹẹrẹ òrùlé nígbà ọyẹ́, baálé agbo ilé ni yóò ké gbàjarè, àwọn géńdé yóò gun òrùlé tí ó kángun sí èyí tí ń jó, wọn yóò máa ya bẹẹrẹ rẹ̀ dànù kí ọwọ́ iná tó tẹ̀ ẹ́, nítorí pé odò jìnnà, omi inú agbè kò sì lè pa ohun tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń fẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe pé àrá ni ó sán lu ilé náà, ọ̀rọ̀ bọ́ lọ́wọ́ baálé. Àwọn mọgbà, ìránṣẹ́ Olúkòso, Jàkúta, ọkọ Ọya, ni yóò gba àkóso ibẹ̀, wọn yóò wú ẹdùn àrá jáde nínú ilẹ̀, wọn yóò sì bu ohun ètùtù lé onílé lórí, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ilé rẹ̀ jó tún ń san gbèsè lórí eérú.

Ìdí tí mo fi kọ́kọ́ fa ọ̀rọ̀ àwọn mọgbà yọ ni pé ẹni tí ó bá tú ìtàn ilé-iṣẹ́ panápaná wò dé ìsàlẹ̀ yóò rí i pé ọ̀rọ̀ omi kò le tó ọ̀rọ̀ àṣẹ níbẹ̀. Ta ni yóò ní kí a da omi síhìn-ín kí a má dà á sọ́hùn-ún, ta ni yóò ní kí àwọn tí ń bẹ lókè ilé sọ̀ kalẹ̀, ẹnu ta ni àwọn tí ó wá ṣèrànwọ́ yóò sì gbọ́ nígbà tí èéfín bá ti dá ojú gbogbo ènìyàn rú: èyí ni ó ń dààmú ilé-iṣẹ́ náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò sì sí ibi tí ó ti hàn gbangba ju ẹ̀bá omi Ìlàjẹ lọ, ní Abereke, ní Awóyè, àti ní gbogbo abúlé orí òpó tí ó kọjú sí òkun ní ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Àwọn òyìnbó tí ó gbé ẹgbẹ́ panápaná wá bá wa kò gba ọgbọ́n náà láti ojú ọ̀run. Nílùú London, àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ni ó kọ́kọ́ ní panápaná, olúkúlùkù pẹ̀lú tirẹ̀, ìgbà tí ó sì di 1833 ni púpọ̀ nínú wọn para pọ̀, tí wọ́n ránṣẹ́ pe James Braidwood láti Edinburgh, níbi tí ó ti ń ṣe ọ̀gá panápaná láti 1824, pé kí ó wá ṣe olórí àwọn. Ọkùnrin yìí ni ó kọ́ àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ láti máa wọ inú ilé lọ bá iná níbi tí ó gbé fìdí kalẹ̀, dípò kí wọ́n dúró sí títì kí wọ́n máa da omi lu ògiri. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 1861, àwọn ilé ìkẹ́rùsí gbiná ní òpópónà Tooley lẹ́bàá odò Thames, ògiri wó lu Braidwood, ó kú sẹ́nu iṣẹ́, iná náà sì jó fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ìgbà yìí ni àwọn adójútòfò juwọ́ sílẹ̀ fún ìjọba pé ẹrù náà ti wúwo ju orí àwọn lọ; ìjọba ṣe òfin ní 1865, panápaná di ti ará ìlú, wọ́n sì fi Eyre Massey Shaw jẹ olórí rẹ̀, ẹni tí ó ti Belfast wá, níbi tí ó ti ń darí ọlọ́pàá àti panápaná pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí òǹkàwé fi ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá àti panápaná yìí sọ́kàn, nítorí pé irú aṣọ yẹn gan-an ni wọ́n dá fún wa.

Ọdún 1901 ni wọ́n dá Ẹgbẹ́ Panápaná Ọlọ́pàá Èkó sílẹ̀, nígbà tí William MacGregor jẹ́ Gómìnà, ọdún kan náà tí ọkọ̀ ojú irin wọ Ìbàdàn. Ohun tí ń bà wọ́n lẹ́rù kò fara sin. Èkó Àkéte, Èkó aròmisá lẹ̀gbẹlẹ̀gbẹ, ti di ojú ọjà ayé. Epo pupa àti èkùrọ́ ń ti òkè bọ̀, aṣọ àti ọtí ń ti ìsàlẹ̀ òkun bọ̀, gbogbo rẹ̀ sì ń sùn nínú ilé ìkẹ́rùsí ní Marina, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ilé tí koríko ṣì ń bo òmíràn nínú wọn. Ẹrù oníṣòwò ni ó bí ẹgbẹ́ náà, gẹ́gẹ́ bí ẹrù oníṣòwò ti bí i ní London, n kò sì sọ èyí láti fi bú ẹnikẹ́ni, nítorí pé ohun tí ènìyàn ní ni ó ń ṣọ́. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ̀ pé láti ọjọ́ kìn-ín-ní ni wọ́n ti kọ́ àgọ́ panápaná sí ibi tí ọjà wà, sí ẹ̀gbẹ́ títì, kí kẹ̀kẹ́ omi lè yí gbirigbiri dé ẹnu ọ̀nà onílé.

Ohun tí ẹgbẹ́ náà jogún lọ́wọ́ ọlọ́pàá kì í ṣe kékeré. Ó jogún ìgbọ́ràn, ó jogún aṣọ iṣẹ́, ó jogún àṣà pé ẹni tí ó kéré kì í bi ẹni tí ó jù ú lọ léèrè ìdí ọ̀rọ̀ nígbà tí ilé ń wó lọ. Ó tún jogún ojú tí ọlọ́pàá fi ń wo ìlú, pé ará ìlú ni ẹni tí a ń lé sẹ́yìn kí a lè ríṣẹ́ ṣe. Ìgbà tí òmìnira dé, àwọn aṣòfin rí i pé ọmọ ti tó kúrò lẹ́yìn ìyá. Wọ́n ṣe Òfin Panápaná ní 1963, panápaná di ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ó dá dúró lábẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, ọlọ́pàá sì bá tirẹ̀ lọ. Ní 1972 ni ìpínlẹ̀ Èkó dá tirẹ̀ sílẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Láti ibẹ̀ ni ìtàn ti gba ọ̀nà mìíràn, ibẹ̀ sì ni èmi rò pé a ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣì í ṣe. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní 1967, tí ó di dandan láti kọ́ ará Èkó bí wọn yóò ti ṣe bí ọkọ̀ òfuurufú bá ju bọ́ǹbù, àgọ́ panápaná wà nílẹ̀ tí ó lè gba iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tuntun ni wọ́n gbé kalẹ̀, èyí tí ó padà di ẹgbẹ́ tí gbogbo ayé ń pè ní Sífù Difẹ́ǹsì lónìí, tí òfin ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 2003. Ọ̀dá ńlá ti àwọn ọdún 1972 sí 1973 jà ní Òkè Ọya, ẹran ọ̀sìn kú púpọ̀, wọ́n dá àjọ ìrànwọ́ pàjáwìrì sílẹ̀ ní 1976. Nígbà tí ó di 1999, NEMA gba ipò rẹ̀. Wọ́n ti gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ ṣáájú èyí, ní 1986, tí ó padà wá kó ọ̀rọ̀ ìgbanisíṣẹ́ àti ìgbéga àwọn òṣìṣẹ́ panápaná, ti ọgbà ẹ̀wọ̀n, ti ìwọlé àti ìjáde orílẹ̀-èdè àti ti Sífù Difẹ́ǹsì sábẹ́ òrùlé kan, ṣùgbọ́n òrùlé ìwé ni, kì í ṣe òrùlé iṣẹ́. Ní oṣù kìn-ín-ní 2020, àwọn gómìnà ìwọ̀-oòrùn gúúsù kó Àmọ̀tẹ́kùn jáde ní Ìbàdàn. Àjálù kọ̀ọ̀kan bí ọmọ tirẹ̀. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀gá, ó ní ọ́fíìsì, ó ní àwọ̀ aṣọ tí ó yàn láàyò. Ìyá tí a bí ní 1901 sì ń wò wọ́n lójú bí ẹni tí ẹnikẹ́ni kò bi ní nǹkan.

Ẹni tí ó bá wọ iṣẹ́ panápaná lónìí yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìdí rọ́bà omi, yóò kọ́ ẹ̀kọ́ tirẹ̀, bóyá ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga wọn ní Sheda lẹ́bàá Àbújá, bí orí bá sì gbè é, yóò máa gun àkàbà oyè lọ títí tí yóò fi kan ọ̀gá àgbà pátápátá. Ní Èkó, obìnrin ti dé orí àkàbà náà, nítorí pé Margaret Adeseye ni a rí tí ó darí panápaná ìpínlẹ̀ náà ní àwọn ọdún ẹnu àìpẹ́ yìí, ẹni tí ó bá sì mọ bí ọkùnrin ti pọ̀ tó nídìí iṣẹ́ yẹn yóò mọ̀ pé kì í ṣe ojú lásán ni wọ́n fi wò ó kí wọ́n tó fi í síbẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀gá tí a ń wí yìí kì í sí níbi tí ohun gbogbo ti ń ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta 2020, nígbà tí ìbúgbàù wó ilé palẹ̀ ní Abúlé Àdó, kò tíì sí ẹnì kan nínú àwọn ọ̀gá àjọ tí ó dé tí Sister Henrietta Alokha, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin ti Bethlehem, ti ń kó àwọn ọmọ jáde, òun fúnra rẹ̀ kò sì jáde mọ́. Kò sí ẹni tí ó fún un ní ipò kankan nínú ọ̀rọ̀ pàjáwìrì. Òun ni ó wà níbẹ̀.

Ohun kan náà ni ó ṣẹlẹ̀ sí Joseph Pfeifer ní New York, àfi pé òun ní oyè. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án 2001, olórí panápaná yìí àti àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ ń wá ibi tí òórùn gáàsì ti ń jáde ní títì kan nígbà tí wọ́n gbójú sókè rí ọkọ̀ òfuurufú tí ó forí sọ ilé gogoro àríwá nínú ilé gogoro méjì tí ó dúró ti ara wọn, ní aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Òun ni ọ̀gá àkọ́kọ́ tí ó dé ìsàlẹ̀ ilé náà. Ibẹ̀ ni ó dúró sí tí ó ń rán àwọn èèyàn rẹ̀ gòkè, Kevin àbúrò rẹ̀ tí òun náà jẹ́ panápaná sì gba iwájú rẹ̀ kọjá lọ sórí àtẹ̀gùn, wọn kò sì tún rí ara wọn láàyè mọ́. Nígbà tí ilé gogoro kejì wó lulẹ̀, Pfeifer kò mọ̀ pé òun ni ó wó. Òkùnkùn àti eruku nìkan ni ó rí, ó sì ké sórí rédíò pé kí gbogbo ènìyàn tí ń bẹ lókè sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá tí ń bẹ nínú hẹlikọ́pítà lókè rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gedegbe, wọ́n tilẹ̀ ń kìlọ̀ pé èyí tí ó kù náà yóò wó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn kò dé etí àwọn ọ̀gá panápaná, nítorí pé ọlọ́pàá ní rédíò tirẹ̀, panápaná ní tirẹ̀, olúkúlùkù sì dúró sí àgọ́ rẹ̀. Panápaná 343 ni ó kú ní ọjọ́ náà.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ọdún tí ó kù nínú iṣẹ́ Pfeifer ni ó fi dá ibùdó kan sílẹ̀ nínú panápaná New York fún ìmúrasílẹ̀ de ìkọlù àti àjálù ńlá, èyí tí ó gbájú mọ́ bí ìròyìn yóò ti máa ti ọwọ́ àjọ kan bọ́ sọ́wọ́ èkejì kí ilé tó wó, ó sì lọ kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní yunifásítì. Ìjọba Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ kó àjọ 22 pọ̀ sábẹ́ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo fún ààbò abẹ́lé, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2003. Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà, ìjì Katrina jà ní New Orleans, gbogbo ayé sì rí i bí ilé-iṣẹ́ ńlá náà ti dúró tí ó ń wo àwọn tí ń ké lórí òrùlé. Ẹni tí ó bá ń gbèrò pé kí a kó gbogbo àjọ wa pọ̀ sójú kan ní Àbújá, kí ọ̀rọ̀ sì tán síbẹ̀, kí ó rántí Katrina.

Ẹ jẹ́ kí n wá darí ọkọ̀ sí ìhà ilé. Ilẹ̀ Ìlàjẹ, ilẹ̀ Olúgbò àti Amápètù, ilẹ̀ àwọn tí omi kì í bà lẹ́rù, kì í ṣe ilẹ̀ tí a ń fi kẹ̀kẹ́ rìn. Títì ọlọ́dà dé Igbókòdá, ọkọ̀ ojú omi ni ó sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ní Abereke àti ní àwọn ìlú ẹnu òkun, orí òpó ni ilé wà, pákó ni ara rẹ̀, afárá pákó ni ó sì so ó mọ́ ilé aládùúgbò. Ìyá ń yan ẹja lórí ààrò nínú ilé kan náà tí kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ọmọ rẹ̀ dúró sí. Bí iná bá ṣẹ́yọ níbẹ̀, afárá tí ń gbé ènìyàn lọ sí ilé ẹbí ni ó ń gbé iná lọ síbẹ̀ pẹ̀lú, kí a sì gé afárá náà kúrò nílẹ̀ ni ohun tí ó yá jù lọ láti ṣe, gẹ́gẹ́ bí àwọn bàbá wa lókè ilẹ̀ ti ń ya bẹẹrẹ òrùlé. Omi kún abẹ́ ilé, ohun tí yóò gbé e sókè ni kò sí ju korobá lọ.

Kì í ṣe pé àwọn èèyàn wọ̀nyí kò mọ ètò ìlú. Nígbà tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ ìlú Ayétòrò dó ní 1947, wọ́n kọ́ ilé sí ojú ìlà, wọ́n to afárá pákó bí títì, wọ́n pín iṣẹ́ láàárín ara wọn, olúkúlùkù mọ ibi tí yóò sáré lọ bí agogo bá dún, ó sì tó ọdún púpọ̀ kí òkun tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìlú náà run lẹ́sẹ̀ẹsẹ̀. Iṣẹ́ tí ìjọba pín fún àjọ mẹ́fà méje ni ìlú kan ti ń ṣe fún ara rẹ̀ pẹ̀lú ọba kan àti agogo kan.

Lẹ́yìn náà ni epo rọ̀bì dé, iná tí a ń wí sì yí padà. Ní oṣù kẹrin 2019, kànga epo Chevron ní Ojumole, nítòsí Awóyè, gbiná, ó sì jó fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 2020, kànga Ororo bú jáde lójú òkun Oǹdó níwájú Awóyè, lórí ilẹ̀ epo tí wọ́n ń pè ní OML 95. Ó ju ọdún mẹ́ta lọ tí iná náà fi ń jó, tí àwọn apẹja ń rí i lóru bí ìràwọ̀ tí ó kọ̀ tí kò wọ̀. Àwọn àgbà ní ènìyàn kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ará Awóyè sùn, ó jí, ó tún sùn, iná ń bẹ. Ní ọjọ́ kejì oṣù kejì 2022, ọkọ̀ ńlá Trinity Spirit, tí ó lè gba àgbá epo mílíọ̀nù méjì, bú gbàmù lójú òkun ní apá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Ìlàjẹ, nítòsí Escravos. Òṣìṣẹ́ mẹ́wàá ni wọ́n kà pé ó wà nínú rẹ̀. Mẹ́ta ni a rí láàyè. Ẹni tí ó bá ka ìkéde ilé-iṣẹ́ tí ó ni ọkọ̀ náà yóò rí àwọn tí wọ́n dárúkọ pé ó wá ṣèrànwọ́: àwọn ará abúlé, àwọn apẹja, àwọn ènìyàn Chevron tí ń bẹ nítòsí, àti ẹgbẹ́ tí àwọn oníṣòwò epo dá sílẹ̀ fúnra wọn fún ìtọ́jú epo tí ó bá dànù. Orúkọ panápaná kò sí níbẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ fún mi pé ọ̀nà jìn. Ní oṣù karùn-ún 1998, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ Ìlàjẹ gun pèpéle Parabe ti Chevron láti bá wọn sọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti omi wọn tí ó bàjẹ́, hẹlikọ́pítà tí ilé-iṣẹ́ náà háyà gbé àwọn agbófinró dé orí omi ní òwúrọ̀ ọjọ́ 28, ìbọn dún, Arolika Irowarinun àti Jola Ogungbeje kú. Ẹjọ́ náà dé San Francisco, níbi tí ìgbìmọ̀ adájọ́ ti dá Chevron láre ní oṣù kejìlá 2008. Ààbò lè fò dé ojú òkun yẹn nígbà tí ohun tí a fẹ́ dáàbò bò bá jẹ́ irin àti epo. Lónìí, ọmọ ogun ojú omi ní àgọ́ ní Igbókòdá, iṣẹ́ ṣíṣọ́ ọ̀pá epo wà lọ́wọ́ Sífù Difẹ́ǹsì, ọ̀rọ̀ epo tí ó bá dànù wà lọ́wọ́ NOSDRA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2006, àṣẹ lórí kànga sì wà lọ́wọ́ àjọ NUPRC tí òfin epo 2021 bí. Bí kànga bá gbiná ní ọ̀la, ọ̀gá panápaná yóò kọ́kọ́ wá ìyọ̀ǹda, kí ó tó wá ọkọ̀.

Òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru, n kò sì ní bẹ ìjọba pé kí ó ra ọkọ̀ panápaná olówó gọbọi tí yóò máa jẹrà ní èbúté. Ẹ̀rọ ìfami kékeré wà tí géńdé méjì lè gbé sínú ọkọ̀ apẹja. Kò nílò àgbá omi, nítorí pé ẹnu rọ́bà rẹ̀ ni a ó jù sínú ọ̀sà. Iyọ̀ ni ọ̀tá rẹ̀. Bí a bá lò ó tán, a gbọ́dọ̀ fi omi odò tí kò níyọ̀ fọ̀ ọ́ nínú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìpẹtà yóò jẹ ẹ́. Fún ilé pákó, omi lásán tó. Fún bẹntiróòlù tí ń jó lójú omi, ìfòfó ni a ń lò, irú èyí tí ó bá iyọ̀ òkun mu sì wà, ó sì yẹ kí ó wà nínú kẹ́ẹ̀gì ní ọwọ́ ẹnìkan tí gbogbo abúlé mọ̀. Òṣìṣẹ́ panápaná tí yóò wá kọ́ wọn ní bí a ti ń lò ó lè wọ ọkọ̀ ní Igbókòdá ní òwúrọ̀. Ohun tí Abereke nílò lọ́wọ́ ọ̀gá tí ń bẹ lókè jù ni ìwé kan ṣoṣo, tí ó sọ pé bí iná bá ṣẹ́, ẹni báyìí ní abúlé yìí ni ó ń pàṣẹ títí tí ẹlòmíràn yóò fi dé, kí ọmọ ogun ojú omi, Sífù Difẹ́ǹsì àti àwọn ilé-iṣẹ́ epo ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́, kí nọ́ńbà fóònù ẹni náà sì wà lórí rẹ̀.